Ihò Tóóró, Omi Tútù: Bí Ìrísí Ojú Ọ̀nà Omi Ti Ń Gba Ẹ̀rọ Lọ́wọ́ Ìgbóná

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ẹ fi Iva Valley ṣe ilé, àti ẹ̀yin tí ẹ wà káàkiri Coal Camp, Ogbete àti Ngwo, lẹ́yìn ìròyìn ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú tí ẹ máa ń kọ́kọ́ ṣí wá, a bẹ̀ yín kí ẹ fi àkókò díẹ̀ ka ojú ìwé yìí pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ẹni tí ó ní ọkọ̀, ó kan ẹni tí ó ní jẹnẹrétọ̀, ó sì kan ẹni tí ó ní ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́. Ìbéèrè náà kò le láti bi: nígbà tí omi bá ń gba inú irin gbígbóná kọjá láti mú un tutù, ǹjẹ́ ìrísí ihò tí omi náà ń gbà ní ohun kan í ṣe? Ṣé kí ihò náà rí róbótó ni, tàbí kí ó ní igun mẹ́rin, tàbí kí ó rí pẹlẹbẹ bí àlàfo tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ó ní ohun púpọ̀ í ṣe. Pẹ̀lú omi kan náà àti irin kan náà, bí a bá yí ìrísí ihò padà, agbára omi láti gba ìgbóná lè di ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Bí ihò bá ti ń há sí i, bẹ́ẹ̀ ni ipá tí a ó fi ti omi kọjá ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdọ̀tí kékeré ń di ewu ńlá. Ohun méjì yìí ni kí ẹ mú dání bí ẹ ti ń kà á lọ.

ILẸ̀ TÍ A WÀ YÌÍ MỌ IṢẸ́ NÁÀ

Iná ni ó kọ́ ìlú Enugu. Ní ọdún 1909 ni àwọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán láti wá ohun àlùmọ́nì rí èédú ilẹ̀ ní agbègbè Udi. Ní 1915 ni iṣẹ́ ìwakùsà bẹ̀rẹ̀, ní 1916 ni réluwéè kọ́kọ́ gbé èédú náà dé Port Harcourt, nígbà tí ó sì di 1917 wọ́n ṣí ihò ìwakùsà ti Iva Valley. Kò sí ẹni tí ń gbé àfonífojì yìí tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn awakùsà tí ń bèèrè ẹ̀tọ́ wọn, tí ènìyàn 21 sì kú.

Èédú tí ó gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀, níbo ni ó ń lọ? Réluwéè ni oníbàárà rẹ̀ tí ó tóbi jù lọ, títí ọkọ̀ tí ń jẹ epo dísù fi wá gba ipò ọkọ̀ oníèédú. Bí ẹ bá sì wo inú ọkọ̀ ojú irin oníèédú, ẹ óò rí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí.

Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ńṣe ni wọ́n gbé ìkòkò omi ńlá kan ka orí iná, bí ìyá ẹlẹ́kọ ti ń gbé tirẹ̀ kaná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ààrò iná wà lẹ́yìn, páìpù púpọ̀ sì la inú omi já lọ síwájú. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gba inú àwọn páìpù náà kọjá, omi sì yí gbogbo wọn ká. Nígbà tí Robert Stephenson ṣe ọkọ̀ tí wọ́n pè ní Rocket ní ilẹ̀ England ní 1829, páìpù bàbà 25 ni ó tò sínú rẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ìṣáájú ti ń lo ihò ńlá kan tàbí méjì péré. Ọkọ̀ náà ni ó gba ipò kìíní nínú ìdíje tí wọ́n ṣe ní Rainhill lọ́dún náà. Láti ìgbà náà, gbogbo ọkọ̀ oníèédú pàtàkì, títí kan àwọn tí ó gbé èédú Enugu lọ sí etí òkun, ọgbọ́n páìpù púpọ̀ ni wọ́n lò. Agbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: páìpù kékeré púpọ̀ ń ṣe ohun tí ihò ńlá kan kò lè ṣe. Ìdí méjì ni ó fà á, a ó sì mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

ÌDÍ KÌÍNÍ: OJÚ TÍ A FI Ń KAN ARA

Àwọn ìyá wa tí ń ta ẹ̀kọ mọ ìdí kìíní dáadáa. Ẹ̀kọ tí ó wà nínú ìkòkò láti òwúrọ̀ lè máa gbóná di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n bí a bá pọ́n ọn sínú ewé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò pẹ́ tí yóò fi tutù tí yóò sì dì. Ẹ̀kọ náà kò yàtọ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ojú tí ó fi ń kan afẹ́fẹ́ ti pọ̀ sí i. Ìdí kan náà ni a fi ń tẹ́ gaàrí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yan sórí àtẹ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ihò omi. Ẹ jẹ́ kí a mú ihò mẹ́ta, kí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba iye omi kan náà: kí ẹnu náà tóbi tó ojú àmì kékeré kan tí ó jẹ́ mìlímítà kan níbùú, mìlímítà kan lóròó. Bí ihò náà bá rí róbótó, tí a sì fi okùn wọn etí rẹ̀ yíká, okùn náà yóò jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 3.5. Bí ó bá jẹ́ onígun mẹ́rin dọ́gba, yóò jẹ́ 4. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí gígùn rẹ̀ fi jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ ìbú rẹ̀, etí rẹ̀ yóò di nǹkan bíi mìlímítà 6.4. Iye omi kan náà ni ó ń kọjá, ṣùgbọ́n ògiri tí omi ń fi ara kàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ti róbótó.

ÌDÍ KEJÌ: BÍ ÀÀRIN TI SÚNMỌ́ ÒGIRI TÓ

Ìdí kejì fara sin díẹ̀, òun sì ni ó lágbára jù nínú ihò kékeré. Nígbà tí omi bá ń ṣàn jẹ́jẹ́ nínú ihò tẹ́ẹ́rẹ́, kì í dàrú bí omi odò tí ó kọlu àpáta. Ìpele ìpele ni ó ń rìn. Omi tí ó kan ògiri gan-an dúró sójú kan, èyí tí ó tẹ̀ lé e ń yọ́ rìn, èyí tí ó wà ní àárín ni ó sì ń yára jù. Ìgbóná ń ti ara ògiri wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ la ìpele wọ̀nyí já kí ó tó dé àárín. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé omi kì í tètè jẹ́ kí ìgbóná la òun kọjá. Bàbà ń jẹ́ kí ìgbóná kọjá ní ọ̀nà tí ó ju ti omi lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 600. Nítorí náà, bí àárín ihò bá jìnnà sí ògiri, omi tútù tí ó wà níbẹ̀ lè wọlé kí ó sì jáde láì mọ̀ pé irin gbígbóná kan wà nítòsí.

Ẹ ronú nípa ọjà Ogbete. Bí ènìyàn bá ń gba àárín títì gbòòrò kọjá, ó lè dé òdì kejì láì ra nǹkan kan, nítorí pé àwọn ìsọ̀ jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá gba inú ìlà tóóró, níbi tí ìsọ̀ wà lọ́tùn-ún àti lósì tí èjìká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan aṣọ tí wọ́n fi kọ́, ọlọ́jà gbogbo ni yóò rí i pè. Kò ní jáde lọ́wọ́ òfo. Omi inú ihò tóóró ni oníbàárà yẹn. Bí ihò bá fi ìdajì kéré sí ti tẹ́lẹ̀, agbára ojú ògiri kan náà láti gbé ìgbóná fún omi yóò di ìlọ́po méjì.

Ẹ jẹ́ kí a wá da ìdí méjèèjì pọ̀. Ká ní a ní páìpù ńlá kan, tí a sì fi páìpù kékeré 100 rọ́pò rẹ̀, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ńlá náà. Àpapọ̀ ẹnu wọn kò ju ti páìpù kan náà lọ. Ṣùgbọ́n ògiri wọn lápapọ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, ìsúnmọ́ omi sí ògiri sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá pẹ̀lú. Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Bí omi bá ń ṣàn jẹ́jẹ́, agbára wọn láti gba ìgbóná di ìlọ́po 100.

ÌRÍSÍ WO NI Ó DÁRA JÙ?

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Wilhelm Nusselt. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe nọ́ńbà kan tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń wọn bí omi tí ń ṣàn ti ń gba ìgbóná lára ògiri tó. Bí nọ́ńbà náà bá ti tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni ó dára tó. Nínú ihò gígùn tí omi ti ń ṣàn jẹ́jẹ́, tí ìgbóná sì ń wọlé déédéé láti gbogbo ògiri, nọ́ńbà ihò róbótó jẹ́ 4.36. Ti onígun mẹ́rin dọ́gba jẹ́ 3.61, ti onígun mẹ́ta dọ́gba sì jẹ́ 3.11 péré. Ṣùgbọ́n bí ihò bá rí pẹlẹbẹ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ìbú rẹ̀, nọ́ńbà náà gòkè dé 5.33. Bí ó bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ, ó di 6.49. Bí ó bá sì wá jẹ́ àlàfo láàárín pátákó pẹrẹsẹ méjì tí kò ní ẹ̀gbẹ́, ó dé 8.24.

Kí ni ó dé tí onígun mẹ́ta fi kẹ́yìn? Igun ni. Gbogbo ẹni tí ó bá ti gbálẹ̀ yàrá rí ni ó mọ̀ pé ìgbálẹ̀ kì í dé kọ̀rọ̀ dáadáa. Omi pẹ̀lú kì í fẹ́ wọ igun. Ó ń lọ́ tìkọ̀ níbẹ̀, ó ń gbóná, ìgbóná rẹ̀ kò sì tètè rí ibi gbà. Bí igun bá ti mú ṣóńṣó tó ni ìyà rẹ̀ pọ̀ tó.

A lè wá bi ara wa ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá tẹ ihò róbótó pẹlẹbẹ, tí a kò dín ẹnu rẹ̀ kù, tí a sì ń ti iye omi kan náà gbà á. Bí ó bá di onígun mẹ́rin dọ́gba, kò sí ìyàtọ̀ ńlá: èrè ìtutù kò ju nǹkan bíi márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún lọ. Bí gígùn rẹ̀ bá di ìlọ́po mẹ́jọ ìbú rẹ̀, agbára rẹ̀ láti gba ìgbóná yóò di nǹkan bí ìlọ́po 4.8. Èrè ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ipá tí a ó fi ti omi náà kọjá yóò di ìlọ́po mẹ́rin ó lé díẹ̀.

GBÈSÈ TÍ A NÍ LÁTI SAN

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ìlà tóóró tí ó mú kí oníbàárà rajà, òun náà ni ó mú kí èrò kún dí i ní ọjọ́ ọdún. Ọmọ Jámánì kan, Gotthilf Hagen, àti dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean Poiseuille, ni wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ yìí ní nǹkan bí ọdún 1839 sí 1846. Bí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba inú iṣan tín-ín-rín kọjá ni ó jẹ Poiseuille lógún. Òfin tí wọ́n rí ni pé bí a bá fi ipá kan náà ti omi, tí a wá dín ìbú ihò róbótó kù sí ìdajì, omi tí yóò kọjá kò ní jẹ́ ìdajì. Kò ní jẹ́ ìdá mẹ́rin. Ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ni. Ní ti ihò pẹlẹbẹ, bí àlàfo rẹ̀ bá dín kù sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni yóò kù.

Páìpù kékeré 100 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ń kọ́? Wọ́n gba ìgbóná ní ìlọ́po 100 lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí gígùn wọn bá jẹ́ bákan náà pẹ̀lú ti páìpù ńlá, ìlọ́po 100 ni ipá tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ pọ́ǹpù. Kí ni a lè ṣe sí èyí? Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni kí a gé ihò náà kúrú. Ihò tóóró tí ó gùn ni ó ń pa pọ́ǹpù. Èyí tí ó kúrú kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni ó gbé wa dé ibi tí ayé wà lónìí.

IRIN KÉKERÉ TÍ Ó GBÓNÁ JU ÁYỌ́Ọ̀NÙ LỌ

Nínú kọ̀ǹpútà àti fóònù ni ohun pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ṣípù, tí a fi sílíkọ́nì ṣe. Òun ni ó ń ro gbogbo ìrònú ẹ̀rọ náà, ìrònú rẹ̀ sì ń mú ìgbóná wá. Áyọ́ọ̀nù iná tí a fi ń lọ aṣọ lè jẹ tó wáàtì 1,000, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ gbòòrò, a sì fẹ́ kí ó gbóná. Ṣípù Nvidia H100, tí ó jáde ní 2022 fún àwọn kọ̀ǹpútà ńlá, lè jẹ tó wáàtì 700, ojú rẹ̀ kò sì tó sẹ̀ǹtímítà 3 níbùú lóròó. Bí a kò bá gba ìgbóná yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ní kíákíá, yóò bàjẹ́.

Àwọn ènìyàn méjì ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, David Tuckerman àti Fabian Pease, ni wọ́n la ọ̀nà ní 1981. Wọ́n mú sílíkọ́nì tí ojú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan níbùú, sẹ̀ǹtímítà kan lóròó, wọ́n sì gbẹ́ ojú ọ̀nà omi sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìbú ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú ogún mìlímítà kan, jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mìlímítà kan. Ẹ ṣàkíyèsí ìrísí náà: ó ga ní ìlọ́po mẹ́fà ìbú rẹ̀. Ihò pẹlẹbẹ tí a gbé dúró lóòró ni. Gígùn rẹ̀ sì kúrú, kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Wọ́n ti omi gbà á, tó bí ìdajì lítà ní ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú ipá tí kò jìnnà sí èyí tí a fi ń fún táyà ọkọ̀ kékeré. Ó gba ìgbóná wáàtì 790 kúrò lójú kékeré yẹn, sílíkọ́nì náà kò sì fi ju ìwọ̀n 71 ti Celsius lọ gbóná ju omi tí ń wọlé.

Ní 2020, àwọn onímọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga EPFL ní Lausanne, ní ilẹ̀ Switzerland, lábẹ́ Elison Matioli, lo ọgbọ́n kíkúrú tí a sọ lókè. Dípò kí omi máa wọlé ní ìpẹ̀kun kan kí ó sì jáde ní ìkejì, wọ́n ṣe ẹnu ọ̀nà púpọ̀, kí omi lè wọlé, kí ó rìn díẹ̀ nínú ihò tín-ín-rín, kí ó sì tètè jáde. Wọ́n gba ìgbóná tí ó lé ní wáàtì 1,700 lójú sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, agbára tí pọ́ǹpù sì ná lé e lórí kò tó wáàtì kan. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, ilé iṣẹ́ Microsoft náà kéde pé àwọn ti gbẹ́ irú ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yìn ṣípù fúnra rẹ̀, tí ó pín bí iṣan ara ewé.

ỌMỌ WA PẸ̀LÚ WÀ NÍBẸ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni èyí. Olabode Olakoyejo, olùkọ́ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì ti Èkó, ìrísí ojú ọ̀nà omi gan-an ni ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì ti Pretoria ní South Africa ní 2012. Òun pẹ̀lú Tunde Bello-Ochende àti Josua Meyer ni wọ́n jọ ṣe ìṣirò náà. Wọ́n mú ihò róbótó, onígun mẹ́rin àti onígun mẹ́ta, wọ́n sì bèèrè pé: bí a bá ní irin tí ń gbóná, tí ìtóbi rẹ̀ kò yí padà, tí ipá pọ́ǹpù náà kò sì yí padà, báwo ni ihò yóò ti tóbi tó, báwo ni wọn yóò sì ti jìnnà síra wọn tó, kí ibi tí ó gbóná jù lọ nínú irin náà lè tutù jù lọ?

Ìdáhùn wọn yẹ kí ó wọ̀ wá létí. Ihò tí ó tóbi jù kò dára, nítorí pé omi kò ní ṣe iṣẹ́ tán kí ó tó jáde. Ihò tí ó kéré jù kò dára, nítorí pé omi kò ní rí ọ̀nà kọjá. Ìwọ̀n kan wà láàárín méjèèjì tí ó dára jù, ìwọ̀n náà sì ń kéré sí i bí ipá pọ́ǹpù bá ti ń pọ̀ sí i. Ní kúkúrú, kí a wo agbára pọ́ǹpù wa kí a tó gbẹ́ ihò.

RÉDÍÉTỌ̀ RẸ ŃKỌ́?

Ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin tí ẹ ní jẹnẹrétọ̀, ọ̀dọ̀ yín ni a ń bọ̀ yìí. Bí ẹ bá wo rédíétọ̀ ọkọ̀ dáadáa, ẹ óò rí i pé páìpù tí ó wà nínú rẹ̀ pọ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì rí pẹlẹbẹ. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ṣe. Ìrísí tí a ti ń sọ láti òkè wá ni. Àwọn abẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà láàárín wọn sì wà kí ojú tí ó kan afẹ́fẹ́ lè pọ̀, bí gaàrí orí àtẹ.

Ẹ wá wo ọkọ̀ tí ó di ẹrù dé ọrùn tí ó ń gun òkè Milliken lọ sí Ngwo. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ gidigidi, ọkọ̀ kò sì yára tó láti rí afẹ́fẹ́ púpọ̀ gbà sára. Bí omi kànga tàbí omi odò ni awakọ̀ náà ti ń bù sínú rédíétọ̀ láti ọdún yìí wá, èérí funfun bí èyí tí ń dì sí ìdí kẹ́túlù ti lẹ̀ mọ́ inú páìpù, ìpẹtà ti kún un, amọ̀ sì ti rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹ rántí òfin Hagen àti Poiseuille: kò dìgbà tí páìpù bá dí pátápátá. Bí èérí bá gba ìdajì ihò tóóró, omi tí ó lè gbà á kọjá ti dín kù jìnnà sí ìdajì. Ìrísí tí ó ń gba ẹ́ńjìnnì là ti di èyí tí ń pa á. Owó ẹ́ńjìnnì tuntun sì lè gba owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa rèé. Èkíní, omi mímọ́ pẹ̀lú oògùn rédíétọ̀ tí ó bá ẹ́ńjìnnì yín mu ni kí ẹ máa lò, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní àkókò rẹ̀. Èkejì, bí rédíétọ̀ bá ń jò, ẹ má ṣe gbà kí a kàn dí páìpù mẹ́ta mẹ́rin nínú rẹ̀ kí a sì sọ pé ó ti tán. Páìpù tí a dí kò ṣiṣẹ́ mọ́, àwọn ìyókù ni yóò sì ru ẹrù rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ máa fi omi fọ ẹrẹ̀ àti kòkòrò kúrò láàárín abẹ́ irin rẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́, kí wọn má baà wó. Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ tí ó gbóná. Omi inú rẹ̀ wà lábẹ́ ipá, ó lè bú jáde, ó sì lè bó ènìyàn lójú. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ dúró kí ó tutù. Ẹ má sì ṣe da omi tútù lu ẹ́ńjìnnì tí ó gbóná, nítorí irin rẹ̀ lè sán.

FÚN Ẹ̀YIN ÒBÍ

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún un. Àwọn kan nínú wa a máa fi ojú kékeré wo ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ rédíétọ̀, bí ẹni pé òun ni ó kùnà nínú ilé. Ọmọ yẹn ń fi ọwọ́ kan ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi ìṣirò wá ní Pretoria àti ní Lausanne. Ohun tí ó kù fún un ni ẹni tí yóò sọ ìdí fún un: ìdí tí páìpù fi rí pẹlẹbẹ, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá há sí i. Ọmọ tí ó sì wà ní kíláàsì, tí ń fi orí ṣe ìṣirò ìlọ́po àti ìdá, nílò ẹni tí yóò mú un dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kí ó lè rí ohun tí nọ́ńbà ń sọ.

Yunifásítì ti Nsukka kò jìnnà sí wa, ti Èkó sì wà nílé. A bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ méjèèjì yìí máa pàdé ní àkókò ìsinmi wọn. Ẹgbẹ́ wa ní àwọn àgbà tí ó ti fi ọdún púpọ̀ ṣe iṣẹ́ ọkọ̀, ó sì ní àwọn olùkọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ yọ̀ǹda wákàtí kan ní ọjọ́ Sátidé láti tú rédíétọ̀ àlòkù kan níwájú àwọn ọmọ wa, kí ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún akọ̀wé ní ìpàdé tí ń bọ̀. Kí ó mú ayùn irin dání, kí àwọn ọmọ lè fi ojú ara wọn rí ihò inú rẹ̀.